Ẹ̀yin tí ẹ ti bá Sístà tàbí Fadá ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Púpọ̀ nínú wa níbí ló ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn ìjọ Àgùdà, àwọn mìíràn sì wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ tó so mọ́ àwọn Sístà tàbí àwọn Fadá kan. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí gan-an, tadùn tìkorò. Kí n bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn Sístà ló dá a sílẹ̀. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, Sístà àgbà tó wà nídìí iṣẹ́ fà ìwé kan lé mi lọ́wọ́, ìwé tí wọ́n fi páálí bò lẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn aboyún tí kò rówó san sí, iye tó kù lọ́rùn wọn, àti ohun tí kálukú wọn lè mú wá dípò owó. Àwọn kan ń gbé epo pupa wá. Obìnrin kan ń já ewé gbọ̀ọ̀rọ̀ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tó fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Pẹ́ńsùlù ni Sístà fi ń kọ ọ́. Bí ìyá ọmọ bá ti san tán, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi gbèsè bú u lọ́jọ́ iwájú.

Mo ti jókòó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ nípa ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ẹni tó dá ẹgbẹ́ àwọn Sístà wa sílẹ̀. Ìwé pẹ́ńsùlù yẹn ló jẹ́ kó yé mi.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, "alábàáṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà Olúwa" ni wọ́n ń pè wá. Tó bá di ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́, iye tí wọ́n máa san àti ibi tí owó ń gbà lọ, kò sí ọmọ ìjọ kankan nídìí tábìlì. Sístà jẹ́ ẹ̀jẹ́ àìní, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹgbẹ́ wọn ló ń bọ́ ọ, òun náà ni yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Èmi ò jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bímọ, mo ń gba ilé gbé. Bí a bá béèrè àfikún owó oṣù, wọ́n á ní èrè wa ń bẹ lọ́run. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n Olúwa kan náà ló sọ pé ọ̀yà alágbàṣe tọ́ sí i.

Nígbà tó yá, Sístà ò pọ̀ mọ́. Ìyá àgbà tuntun, olórí tí wọ́n yàn fún àwọn Sístà, wá, ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ó sì fi àwọn ọmọ ìjọ sínú rẹ̀. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ó ṣí ìwé ìṣirò owó sílẹ̀ níwájú gbogbo wa, ó ní ká fojú ara wa rí i. A rí iye tí oògùn ń jẹ àti iye tí epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ. Owó oṣù ò fò sókè, àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ìfẹ̀yìntì sí fún wa. Lọ́dún tí nǹkan wá le gan-an, ẹnì kan dá a lábàá pé kí a pa ìwé gbèsè àwọn aboyún tì. Àwa tí a kì í ṣe Sístà la kọ́kọ́ ní rárá. A ti mọ iye owó tó wà nílẹ̀, a sì mọ àwọn ìyá wọ̀nyẹn lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé bí wọ́n bá fẹ́ kí a jọ ṣiṣẹ́ Ọlọ́run, kí a jọ rí owó, kí a sì jọ pinnu.

Ọmọ Pópó Àgùdà, Èkó

Ìyá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ó máa ń ká mi lára bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn Fadá ló ni iṣẹ́, tí ọmọ ìjọ kàn wá gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero, ti SMA, ẹgbẹ́ àwọn Fadá ajíhìnrere tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1856, wá sí Èkó lọ́dún 1863, ó bá ìjọ nílẹ̀. Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, tó ti ṣe ẹrú rí kó tó gba òmìnira, tó sì ti Brazil dé, ló ń kó àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá bíi tirẹ̀, jọ gbàdúrà, òun ló ń ṣèrìbọmi fọ́mọ, òun ló ń sìnkú. Kì í ṣe Fadá. Ọdún 1868 ni Fadá tó máa gbé láàárín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tó sì kan ká kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Holy Cross àkọ́kọ́, àwọn bíríkìlà àti káfíńtà Àgùdà ló kọ́ ọ.

Nínú ilé tiwa, ìyá àgbà mi ló kọ́ Fadá òyìnbó kan ní Yorùbá. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, Fadá á wá ka ìwàásù ọjọ́ kejì fún un ní páálọ̀. Bí ohùn bá ti ṣì, ìyá àgbà á fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì, Fadá á padà sẹ́yìn, á tún un kà. Mo máa ń jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìwàásù tí ìjọ ń gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ti àwọn méjèèjì ni.

Ọmọ ẹgbẹ́ Vincent de Paul, Abẹ́òkúta

Tèmi ò gùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún ni Frédéric Ozanam nígbà tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1833. Wọ́n fẹ́ ṣàánú, wọn ò mọ ibi tí wọn ó ti bẹ̀rẹ̀. Sístà Rosalie Rendu, tó ti ń bójú tó àwọn tálákà àdúgbò Mouffetard láti ọjọ́ pípẹ́, ló fi ilé hàn wọ́n, tó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń wọlé tọ aláìní. Ìjọ ti kéde àwọn méjèèjì ní Alábùkún fún, ipò tó ṣáájú ti ẹni mímọ́.

Sístà tó kọ́ àwa náà kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. Ẹ jókòó ná, ó wí. Bàbá arúgbó kan wà tí kò gba ìrẹsì tí a gbé lọ, àfi ìgbà tí a jókòó, tí a sì bá a jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó sun. Lẹ́yìn náà ló fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé òrùlé òun ń jò. Bó bá jẹ́ pé a gbé ìrẹsì sílẹ̀ ká máa lọ ni, a ò bá má mọ̀.

Sístà kan, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ti jẹ́ ẹ̀jẹ́, mo sì fẹ́ dá Ìyá Nọ́ọ̀sì lóhùn. Mà, ohun tí ẹ sọ nípa owó oṣù tọ́. Ẹ̀jẹ́ tiwa kò gbọdọ̀ di àjàgà lọ́rùn ẹlòmíràn.

Kí ẹ mọ ohun tó ń mú wa lọ́ra ṣá. Bí owó bá sọnù, ẹgbẹ́ wa ni yóò dáhùn níwájú Bíṣọ́ọ̀bù àti níwájú àwọn tó fi owó ṣètọrẹ. Nítorí náà, a máa ń di kọ́kọ́rọ́ mú. Ní 1996, Póòpù John Paul Kejì kọ ọ́ sínú *Vita Consecrata*, ìwé rẹ̀ lórí ìgbésí ayé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ti wá gbà pé àwọn lè jọ pín ẹ̀bùn wọn pẹ̀lú ọmọ ìjọ. Kíkà á rọrùn. Gbígbé e sínú iṣẹ́ ló gba sùúrù.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ ìjọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń wá bá wa gba àdúrà òwúrọ̀ ní Sátidé. Ìyá kan á pọn ọmọ wá, ọmọ á ké láàárín Sáàmù, a ó dúró dè é. A ò fẹ́ sọ wọ́n di Sístà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni a nílò. Ìyá oníṣòwò kan ló kọ́ wa pé kí a máa ra àgbàdo àti èlùbọ́ fún ilé ọmọ aláìníyàá nígbà tí wọ́n bá pọ̀ lọ́jà, nítorí pé a ti ń rà á lówó gọbọi láìmọ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn

Sístà, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á dúró tì yín. Ohun kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ibi tí mo ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti gbé Ìyá àgbà yẹn lọ síbòmíràn, èyí tó rọ́pò rẹ̀ kò sì pe ìpàdé mọ́. Inú rere ẹnì kan ló gbé ìgbìmọ̀ náà ró, kò sí ìwé kankan. Kí ni ẹ̀yin ṣe sí i?

Sístà kan, Ọ̀yọ́

Mà, a kọ ọ́ sílẹ̀. Iye ọmọ ìjọ tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀, ìgbà tí wọ́n máa rí ìwé owó, ẹni tó ń yàn wọ́n, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ wa fọwọ́ sí, Bíṣọ́ọ̀bù sì ní ẹ̀dà kan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a nílẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́, màá bi Ìyá àgbà wa bóyá mo lè fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn Sístà yín jókòó. Ẹ pe Sístà tó gba ipò yẹn sí i fúnra yín, kó má dà bíi pé ẹ wá fẹjọ́ sùn.