N kò lè ṣe ìsìn ojú ayé: báwo ni kí n ṣe bá wọn gbé ní yunifásítì ìjọ?

Àbẹ̀kẹ́ Ọdún-Kìn-ín-ní:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin òbí tó wà níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì aládàáni kan tí ìjọ kan dá sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́. Ilé Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bàbá mi a máa jẹ́ kí n béèrè ohunkóhun tó bá rú mi lójú nínú Bíbélì, títí kan èyí tí òun fúnra wọn kò lè dáhùn. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wa níbí ni kò wọ̀ mí lọ́kàn, pàápàá bí wọ́n ṣe ń sọ pé ègún wà lórí ọmọ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ bá ti bọ òrìṣà rí. “Fá” ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wa, àwọn tí a jọ ń gbé yàrá sì ti ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ yí i padà sí “Olú” tàbí “Jésù” kí ọ̀nà mi lè là.

Nínú ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ kan, oníwàásù ní kí ẹni tí orúkọ òrìṣà bá wà nínú orúkọ ilé rẹ̀ jáde síwájú pẹpẹ, kí wọ́n gbàdúrà ìdáǹdè fún un. Ọ̀pọ̀ jáde, mo jókòó. Ọmọbìnrin tó ń mójú tó ìlà ìjókòó wa rọra fọwọ́ kàn mí léjìká, ó tún fọwọ́ kàn mí, ó ní, “Sísítà, ẹ dìde.” Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí n jókòó, gbogbo ojú ìlà náà sì yí sọ́dọ̀ mi. Láti ìgbà náà ni àwọn ará yàrá mi ti ń di ọwọ́ ara wọn mú yí bẹ́ẹ̀dì mi ká ní ìdájí, tí wọ́n ń fèdè fọ̀ lé mi lórí, tí èmi á sì dijú bí ẹni tó ń sùn. Wọn kò fi ìkà ṣe é, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi.

Ṣé kí n máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe títí n ó fi jáde ni, àbí kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, àbí kí n bẹ àwọn òbí mi kí wọ́n mú mi lọ sí ibòmíràn? N kò fẹ́ dá wà fún ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n n kò sì fẹ́ máa purọ́ fún Ọlọ́run lójú àwùjọ.

Ẹ̀gbọ́n Adé:

Àbúrò mi, irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. Ya ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹnu rẹ. Síkẹ́ẹ̀tì tó bo orúnkún, àkókò tí a gbọ́dọ̀ wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, fóònù, ìwé àṣẹ exeat kí a tó jáde lẹ́nu géètì, wíwà nílé ìsìn nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ: gbogbo ìwọ̀nyí ni o fọwọ́ sí nígbà tí o gba ipò rẹ. Ṣe é láìkùn. Kò sí irọ́ nínú kí ènìyàn wọ síkẹ́ẹ̀tì gígùn nílé onílé, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ṣòkòtò sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń pè lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, nítorí sáà ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n bá fi dá ọ dúró lórí aṣọ, kò sí ohun kan tó máa fi kún ìgbàgbọ́ rẹ.

Ti ẹnu ló yàtọ̀. Má fèdè fọ̀ bí a kò bá fún ọ ní èdè, má ṣe jẹ́rìí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí ọ, má sì jáde síwájú nítorí pé wọ́n fọwọ́ kàn ọ́ léjìká. Mú ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún ọ, kí o kà á láti orí dé ìdí, torí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù òfin tí kò sí níbẹ̀. Nínú tiwa, wíwà nílé ìsìn ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó pọn dandan. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí a jáde síwájú pẹpẹ. Èmi náà jókòó lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni kò sì fìyà jẹ mí nítorí rẹ̀.

Ní ti àwọn ará yàrá rẹ, má kó gbogbo wọn jọ láti bá wọn sọ̀rọ̀, torí ìjiyàn ni yóò dà. Mú ẹni tí àdúrà ń ti ọkàn rẹ̀ wá jù lọ nínú wọn, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ rìn lọ sí káfítéríà, kí o sì sọ fún un pé o mọrírì ìfẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ọ́ léèrè kí wọ́n tó gbàdúrà lé ọ lórí, àti pé ó wù ọ́ kí ẹ jọ máa ka Sáàmù kan lálẹ́. Ọmọ Áńgílíkà ni ọ́, Sáàmù kò le fún ọ. Nígbà náà, yóò rí ohun tí ẹ jọ lè ṣe, kò ní jẹ́ pé ohun tí o kọ̀ nìkan ló rí.

Ohun kan tún kù tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Àwọn tí yóò kọ́kọ́ fà ọ́ mọ́ra nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé o kò gba ohun gbogbo ni àwọn tó ń fo fẹ́ǹsì lóru, tó ń fi fóònù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìṣòro tiwọn yàtọ̀ sí tìrẹ. Bí o bá wọ ẹgbẹ́ wọn, kò sí olùkọ́ tí yóò tún gbà pé ìbéèrè rẹ ti inú ọkàn wá. Ìwà ìpáǹle ni wọn yóò kà á sí. Àwọn tí o ń wá wà nílé ìkàwé àti nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì máa ń dákẹ́ ju bí o ṣe rò lọ.

Olùkọ́ Ìtàn:

Mo kọ́ ìtàn nílé-ẹ̀kọ́ gíga, mo sì jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọ̀rọ̀ orúkọ ìdílé yẹn ló dùn mí jù, torí pé ẹni tó fi orúkọ ilẹ̀ wa dúró nínú ìgbàgbọ́ ti wà rí, ìyẹn Mójọlá Àgbébí. Ìlú Iléṣà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1860, David Brown Vincent ni orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, katikísìtì ìjọ Áńgílíkà sì ni bàbá rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó yapa kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà ní Èkó ní ọdún 1888 tí wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀. Ní ọdún 1894 ó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó di Mójọlá Àgbébí, ó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa lọ síbi gbogbo, ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó gbà pé kóòtù àti táì ni àmì onígbàgbọ́. Oníwàásù ni títí ó fi kú ní ọdún 1917. Ẹ̀sìn Kristi kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi pọ̀ mọ́ ọn nìkan ló kọ̀.

Wo Joseph Ayọ̀ Babalọlá náà. Áńgílíkà ni, ó sì ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì nígbà tí ìpè dé bá a ní ọdún 1928. Lẹ́yìn ìsọjí Iléṣà ti ọdún 1930, ìjọba amúnisìn jù ú sẹ́wọ̀n ní ọdún 1932, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà ìjọ ìgbà náà sì kà á sí ẹni tó ṣìnà. Lónìí, yunifásítì tí ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́jí-Arákẹ́jì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé lára àwọn ìjọ tó ń kọ́lé-ẹ̀kọ́ gíga fún yín lónìí, àwọn kan wà tí ẹni tí kò bá ẹgbẹ́ mu nígbà ayé rẹ̀ ló fi ìdí wọn múlẹ̀.

Má yí orúkọ bàbá rẹ padà nítorí ẹ̀rù. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ìwọ fúnra rẹ gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, ìwọ àti bàbá rẹ ni ẹ ó sì jọ sọ ọ́.

Má sì rò pé gbogbo yunifásítì ìjọ ló rí bákan náà. Ní Babcock ní Ìlíṣàn, tó jẹ́ ti àwọn Adventist, ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi, oúnjẹ tí kò ní ẹran ni wọ́n sì ń sè. Ní Bowen ní Ìwó, ọ̀nà àwa Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń tọ̀. Mọ ohun tí ìjọ tó ni ilé-ìwé rẹ gbàgbọ́ gan-an, kà á nínú ìwé wọn, torí pé ohun tí àwọn ará yàrá rẹ ń sọ lè jẹ́ ti oníwàásù kan ṣoṣo.

Agbẹjọ́rò:

Ẹnìkan lè sọ fún ọ pé òfin wà lẹ́yìn rẹ. Abala 38 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ lóòótọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kópa nínú ìsìn ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni ọ́, àwọn òbí rẹ ló sì mú ọ lọ síbẹ̀. Abala kan náà fún ìjọ láàyè láti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀sìn wọn nílé-ìwé tí wọ́n fi owó ara wọn gbé ró. Má gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ilé-ẹjọ́ nínú ọkàn rẹ. Ọ̀rọ̀ ìjíròrò ni.

Ìyá Tóbi:

Ọmọ mi, bàbá tó kọ́ ọ bí a ti ń béèrè ìbéèrè ni kí o kọ́kọ́ pè. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ẹ bá wá rí i pé ó yẹ kí o kúrò, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ṣùgbọ́n máàkì tó dára ni yóò gbé ọ dé ibòmíràn, nítorí náà má jẹ́ kí ìbànújẹ́ pa ìwé rẹ lára ní sáà yìí. Kí o sì mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ wà ní yunifásítì ìjọba náà, wọ́n sì máa ń kan ilẹ̀kùn họ́sítẹ́ẹ̀lì ní ìdájí.

Àbẹ̀kẹ́ Ọdún-Kìn-ín-ní:

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ìwé òfin wa, ó sì rí bí Ẹ̀gbọ́n Adé ti wí: kò sí ọ̀rọ̀ jíjáde síwájú níbẹ̀ rárá. Mo ti bá bàbá mi sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò wá ní ọjọ́ ìbẹ̀wò. Mo fẹ́ bá àlùfáà ọgbà sọ̀rọ̀ lórí orúkọ wa kí wọ́n tó dé. Ṣé kí n kọ lẹ́tà sí wọn ni, àbí kí n lọ rí wọn lójúkojú?

Ẹ̀gbọ́n Adé:

Lọ rí wọn lójúkojú lákọ̀ọ́kọ́, ní àkókò tí wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì, kì í ṣe lẹ́yìn ìsìn tí èrò ti pọ̀. Bi wọ́n ní ìbéèrè kan pàtó: ṣé ìjọ yìí fi kọ́ni pé dandan ni kí onígbàgbọ́ yí orúkọ ìdílé rẹ̀ padà? Bí wọ́n bá dáhùn, kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí bàbá rẹ lè bá a nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé.