Nọ́ńbà oníbàárà: àṣírí ni, àbí ohun àfipamọ́?

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó fún ẹ̀tọ́ tí oníbàárà ní lórí nọ́ńbà fóònù rẹ̀, èyí tí àwọn dísípáàṣì máa ń gbà kí wọ́n lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún un pé ẹrù rẹ̀ ti dé. Ẹnì kan ní ká pè é ní àṣírí nọ́ńbà. Ẹnì kejì ní ìkọ̀kọ̀ nọ́ńbà. Ẹnì kẹta ní ká kàn pe nọ́ńbà náà ní àfipamọ́, ìyẹn ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn kó bá wa tọ́jú. Ẹ̀yìn ẹni kẹta ni mo wà, torí ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ni yóò sọ ọrùn ẹni tí ẹ̀bi máa wà nígbà tí nọ́ńbà bá dé ibi tí kò yẹ.

Àṣírí ni ohun tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ kí ayé mọ̀. A máa ń ní àṣírí tú. A máa ń bẹ Ọlọ́run kó bo àṣírí wa. Ìtìjú fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà. Nọ́ńbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ìgbọ̀nà nílùú Òṣogbo lè ti kọ tirẹ̀ gàdàgbà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá wá pè é ní àṣírí, ẹni tó tà á fún àwọn oní-tẹ́tẹ́ á kàn ní, "Ṣebí òun náà ló kọ ọ́ síta? Àṣírí wo ló kù níbẹ̀?" Ìkọ̀kọ̀ kò sàn jù ú lọ, ibi tí ojú kò tó ni ìkọ̀kọ̀.

Ẹ wo ilé. Gbogbo àdúgbò Òkè-Fíà lè mọ ilé ẹnì kan, síbẹ̀ àlejò kì í já wọ ibẹ̀ láì kágò. Abala 37 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kó ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù sábẹ́ ààbò kan náà. Kò ní kí nǹkan jẹ́ àṣírí kó tó dáàbò bò ó.

Bí mo bá ní mo fi owó pamọ́ sí yín lọ́wọ́, tèmi ṣì ni owó náà. Ẹ kò gbọdọ̀ ná an, ẹ kò gbọdọ̀ yá ẹlòmíràn, ọjọ́ tí mo bá sì bèèrè rẹ̀, ẹ ó kó o sílẹ̀ ni. Ohun tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 ń sọ gan-an nìyẹn: iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba nọ́ńbà ni kí wọ́n fi ṣe, kí wọ́n má sì tọ́jú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bó bá jò lọ́nà tó lè ṣàkóbá fún ẹni tó ni ín, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà létí. Àfipamọ́ gbé ẹrù náà ka olùtọ́jú lórí. Àṣírí gbé e ka olówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé páálí kan yẹ̀ wò. Àdìrẹ ọ̀pá 5, wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e, sẹlotéèpù yí i ká, wọ́n fi máákà kọ orúkọ àti ẹyọ òǹkà 11 sójú rẹ̀, wọ́n ṣe wébíìlì rẹ̀ lọ sí Èkó. Yóò wà nílẹ̀ ní gárèèjì, yóò wà nínú búùtù, yóò tún wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá kọjá ti mọ orúkọ, ó ti mọ nọ́ńbà, ó sì ti mọ̀ pé ẹni yẹn ń retí ẹrù. Kò sí ohun tí gbájúẹ̀ tún ń wá: "Ẹrù yín há sọ́nà, ẹ fi owó ránṣẹ́." Òǹkà 4 tó kẹ́yìn àti kóòdù ló yẹ kó wà lójú páálí, kí odindi nọ́ńbà wà nínú ìwé awakọ̀. Kóòdù jọ àròkò: ẹni tó gbé e kò ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká pe bíbo nọ́ńbà lójú ní fífi pamọ́. Àwọn kan máa ń fi 4 àkọ́kọ́ àti 4 ìkẹyìn hàn, wọ́n á fi ìràwọ̀ bo àárín. Nínú 11, 3 péré ló kù. Ìyẹn ò ju ọ̀nà 1,000 lọ, ẹni tó bá ní sùúrù á dán an wò tán.

Ní ti nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ máa ń fi sí àárín, tí oníbàárà àti ọlọ́kadà jọ ń pè láìrí ti ara wọn, ẹnì kan dábàá nọ́ńbà agbódegbà. Rárá o. Ẹni tó ń bá olè tọ́jú ẹrù ni agbódegbà. Alárenà ló tọ́. Bójú bá mọjú tán, alárenà a yẹ̀ba. Tibí yìí máa ń yẹ̀ba lẹ́yìn tí ẹrù bá ti dọ́wọ́ olówó, láìjẹ́ kí ojú mọjú.

Àwọn kan tún ní ká pe àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ pé ẹrù ti dé ní ìkéde ẹrù. Ìyẹn ni mi ò lè gbà láéláé. Agogo ni wọ́n fi ń kéde. Ìfitónilétí ni tiwa, etí ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà fún. Ìyàtọ̀ yìí kan ìpolówó náà: ẹni tó bá ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 ti ní òun kò fẹ́ ìpolówó. Bí ilé iṣẹ́ bá gba ọ̀nà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó ń gbà fi ìfitónilétí ránṣẹ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹrù á sì máa sùn ní ọ́fíìsì.

Wọ́n ní kíkọ àmì ohùn sínú àtẹ̀jíṣẹ́ ń náni lówó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba ẹyọ 160, ì báà jẹ́ lẹ́tà, òǹkà tàbí àlàfo. Tí ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan bá ti wọ̀ ọ́, tàbí á, í, ó, ú, ó di 70. Fóònù gba à, è, ì, ò, ù àti é láìjanpata. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti lábẹ́, bí ẹ́, méjì ló ń kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ ka èyí:

Ẹrù yín ti dé. Ẹ wá gbà á ní Ọláìyá kí aago 5 tó lù. Kóòdù: 4417.

65 péré ni, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Ohun tó máa ń sọ ọ́ di ojú ìwé méjì, tí owó á fi di ìlọ́po méjì, ni orúkọ oníbàárà, iye owó àti irú ọjà. Àwọn mẹ́ta yìí náà ló máa ń yọ lójú fóònù tó wà lórí tábìlì, kí ẹni tó ni ín tó ṣí i.