Ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré

Ẹ ní ká sọ ohun tá a rí nígbà tá a fara balẹ̀ rin ọ̀nà tá a rò pé a ti mọ̀. Tèmi rèé. Oṣù Òkúdù ni, mo lọ sílé lẹ́bàá Òrò-Àgọ́, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ní kí n sin òun lọ ṣa emi, èso tí wọ́n fi ń ṣe òrí, ní ìdájí. Mo rò pé mo mọ ọ̀nà oko yẹn dáadáa. Alùpùpù ni mo máa ń gùn kọjá níbẹ̀, kì í sì í gbà mí ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Lọ́jọ́ yẹn, wákàtí 2 la fi rìn ín.

Mo kọ́kọ́ ṣíwájú, bí mo ṣe ń rìn ní Ìlọrin náà ni mo ń rìn. Ìyá Àgbà pè mí: "Ọkọ mi, ta ló ń lé ọ?"

Ẹni tó ń ṣa emi ò gbọdọ̀ kánjú. Èso tó bá pọ́n ló ń já bọ́ fúnra rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti koríko tó bò ó. Òórùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ júwe rẹ̀, ó dùn bí ohun tó fẹ́ kan. Bí mo ṣe tẹjú mọ́lẹ̀, mo rí pàtánmọ́ tó ń pa ewé dé níbi tí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ti kàn án. Mo dúró kí n lè mọ ìgbà tí yóò ṣí padà. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìyá Àgbà ò bá mi wí, ó ń ṣa tirẹ̀ lọ.

Mo fọwọ́ kan ara igi emi kan. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó là wẹ́wẹ́ bí ẹ̀yìn ọ̀nì, iná ọ̀dàn ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú, síbẹ̀ òkè rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ìyá Àgbà ní kò sẹ́ni tó gbìn ín, àti pé bó ṣe tóbi tó yìí ni òun bá a nígbà tí wọ́n gbé òun níyàwó wá.

Ìgbà náà ni ẹlúlùú ké. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹyẹ òjò, tó máa ń dún bí omi tó ń dà lẹ́nu akèrègbè. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn, mi ò sì rí ẹyẹ náà rí. Mo ti gbà pé kò ṣeé rí. Ìyá Àgbà di apá mi mú, ó fẹnu júwe ibì kan nínú koríko.

Ẹyẹ náà ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀! Orí rẹ̀ dúdú, ìyẹ́ apá rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà wa, ojú rẹ̀ pupa bí iyùn. Tata kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wò wá, àwa náà ń wò ó, mi ò lè mí dáadáa. Nígbà tó yá, ó rá wọ inú koríko.

Ìyá Àgbà ní àárín igbó ṣúúrú ló ń kọ́ ìtẹ́ sí, nítòsí ilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìsìn àti Òmù-Àrán, ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti rí ìtẹ́ ẹlúlùú rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi.