Báwo ni mo ṣe lè máa na apá mi láìṣe ojú iṣẹ́ abẹ léṣe?

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mò ń wá, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé awọ apá tó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sanra, tó wá jò.

Ojú ọgbẹ́ mi gùn láti abíyá dé ìgúnpá. Ó ti pa dé, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n gbé ọwọ́ sókè, abẹ́ abíyá á máa fà mí bí okùn tó há. Ìyẹn ló ń já mi láyà jù. Dókítà ní kí n má tíì gbé ọwọ́ kọjá èjìká, kí n má sì gbé ohun tó wúwo. Mo ṣì ń wọ aṣọ tó fún apá kó má baà wú. Mò ń ká ìgúnpá, mò ń di ìkúùkù, mo sì ń yí èjìká díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n gbà yín láyè láti máa fi ìka rìn lára ògiri lọ sókè kí apá lè nà? Báwo lẹ ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín kí awọ kàn máa fà àti kí ọgbẹ́ fẹ́ là? Bó bá pọ́n, tó gbóná, tó ń ṣọyún tàbí tí ibà dé, mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló yá. Ṣé fífi ọwọ́ ra ojú àpá, bó bá ti jiná dáadáa, máa ń jẹ́ kó rọ̀?

Ẹ̀rù ń bà mí kí èjìká má lọ gan. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ, n ó kọ́kọ́ bi dókítà mi kí n tó dán an wò.