Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi ọkùnrin ń rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, WAEC sì ku ọdún kan

ÌyáAláṣọ
Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. Àkọ́bí mi ọkùnrin pé ọmọ ọdún 16 ní oṣù kẹrin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí SS2 ni, ìdánwò WAEC sì ń dúró dè é lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó wà ní JSS, kì í kúrò láàárín ọmọ márùn-ún tó ń ṣíwájú nínú kíláàsì rẹ̀. Láti SS1 ni nǹkan ti yí padà, ìwé èsì tó mú wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá sì mú omi bọ́ lójú mi: 38 nínú ìṣirò, 41 nínú físíìsì, 45 nínú kẹ́mísírì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ti gba 66.

Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági níhìn-ín ní Ìbàdàn, mi ò sì kàwé kọjá JSS3. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ọlọ́nà jíjìn, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni a ń rí i nílé. A ti ń sanwó lẹ́sìn fún ọmọ yìí láti ọdún tó kọjá, mo ti pariwo títí, mo ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ṣé kí n pààrọ̀ olùkọ́ lẹ́sìn rẹ̀ ni, àbí kí n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà? Kí ni òbí tí kò mọ ìṣirò fúnra rẹ̀ lè ṣe fún ọmọ tó ti dàgbà tó báyìí?

TíṣàTóFẹ̀yìntì
Ẹ kú àníyàn, ìyá wa. Mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ má tíì pààrọ̀ olùkọ́, ẹ má sì tíì fi kọ́bọ̀ kún iye tí ẹ ń san. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí ọmọ náà ti ń ṣubú gan-an, nítorí 38 tí wọ́n kọ sínú ìwé èsì kò lè sọ ìyẹn fún wa.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tó ń kùnà ní SS2, iṣẹ́ SS2 kọ́ ni kò yé e. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó mọ fọ́múlà tí wọ́n fi ń yanjú ìṣirò quadratic lórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, síbẹ̀ tí kì í rí ìdáhùn tó tọ́. Nígbà tí mo jókòó tì í tí mo ní kó máa ṣe é lójú mi, mo rí i pé ìgbàkígbà tó bá kan −3 lọ́nà −4, −12 ló ń kọ dípò 12. Òmíràn á ro ìdá méjì nínú mẹ́ta pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, á sì kọ 3/7 sílẹ̀, nítorí pé ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá wà nídìí iṣẹ́, ẹni tó ń sanwó lẹ́sìn SS2 dà bí ẹni tó ń rẹ́ ògiri ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti sán.

Ẹ kò nílò láti mọ ìṣirò kí ẹ tó wádìí èyí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ara yín balẹ̀, ẹ ní kó kó àwọn ìwé àjákọ ìṣirò rẹ̀ jáde, ti SS1 àti ti SS2. Ẹ máa wo ọjọ́ tó wà lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀, ibi tí gègé pupa olùkọ́ ti pọ̀, àti ibi tí ọ̀sẹ̀ ti gorí ọ̀sẹ̀ láìsí ohun kan tí wọ́n kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó ṣe ìṣirò kan lójú yín, kó sì máa fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ibi tó bá ti ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é”, tí kò lè sọ ìdí rẹ̀, ẹ fa ìlà síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Yorùbá yóò dí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún.

ÌyáÌbejìẸ̀gbá
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ ojú ọmọ náà wò pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi obìnrin ṣe irú èyí ní SS1, a sì fi odindi oṣù mẹ́fà pè é ní ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ kan, èmi àti rẹ̀ jọ dúró ní ibùdókọ̀, mo ní kó bá mi ka orúkọ àdúgbò tí wọ́n kọ síwájú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Ṣe ló fún ojú rẹ̀ pọ̀ títí bọ́ọ̀sì náà fi dé iwájú wa. Àyà mi já. Mo bi í bó ṣe ń ka ohun tí wọ́n ń kọ sí pátákó ní kíláàsì, ó ní ìwé ẹni tó jókòó ti òun ni òun máa ń wò kọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í jókòó sí nítorí pé ó ga, ẹni tó sì ń wò kọ kì í fara balẹ̀ kọ àmì, nítorí náà gbogbo fọ́múlà tí ọmọ mi ń fi òru kọ́ sórí ló ní àléébù. Ó gba awò ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí i.

Ìbàdàn lẹ wà, ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti fáṣítì. Ẹ mú un lọ kí ìsinmi yìí tó parí.

BàbáÌsẹ́yìn
Ẹ jọ̀wọ́, aago mélòó ni ọmọ náà ń sùn, aago mélòó ló sì ń jí? Mo bèèrè nítorí pé àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oorun sọ pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ọmọ tó ń bàlágà kì í tètè fẹ́ sùn lálẹ́. Ọmọ tó bá wà nídìí fóònù di aago kan òru, tí ẹ sì jí i ní aago márùn-ún àbọ̀ kó lè bá bọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ nìkan ló dé kíláàsì.

Gbígba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí yín kò ṣe wá láǹfààní kankan nílé tèmi, nítorí ọjọ́ tí mo bá dá a padà ni gbogbo rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé láti aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́, gbogbo fóònù ilé, títí kan tèmi àti ti ìyá wọn, ń sun orí tábìlì ní pálọ̀, ibẹ̀ sì ni ṣájà wà. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé tèmi sílẹ̀.

Ẹ má bínú sí èyí tí mo tún fẹ́ sọ. Bí ọmọ bá kúrò ní lẹ́sìn ní aago mẹ́fà, tó bá yín kó ìsọ̀, tó bá yín ru aṣọ wálé, tó pọn omi, ìgbà wo ni yóò kàwé? Kò burú kí ọmọ ran òbí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa, ṣùgbọ́n ọdún tó kù yìí, ẹ fi iṣẹ́ ìsọ̀ mọ sí ọjọ́ Sátidé. Ní ti ilé ẹ̀kọ́ inú ọgbà, èmi kò ní gbà yín níyànjú rẹ̀. Ọdún WAEC kì í ṣe ọdún tí ọmọ ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ní ibi tuntun.

ỌmọOlóyè
Ẹ̀gbọ́n mi kan forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Èsì ọmọ náà dára. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín bèèrè iye tí wọ́n ń gbà.

TíṣàTóFẹ̀yìntì
Mo bẹ ọ, arákùnrin mi, má ṣe fi ìyẹn lọ ìyá yìí. Mo mọ̀ pé àánú rẹ̀ ló ṣe ọ́, ṣùgbọ́n màgòmágó ni, òfin ọdún 1999 lórí màgòmágó ìdánwò sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. WAEC lè fagi lé èsì, kí odindi ọdún kan ṣòfò. Kódà bí wọn kò bá mú un, kọ̀ǹpútà ni JAMB ń lò: ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò bá a dáhùn ìyẹn? Èyí tó dùn mí jù ni pé ọjọ́ tí òbí bá san irú owó bẹ́ẹ̀, ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò gbà pé ó lè ṣe é. Mo ti rí ọmọ tí ojú rẹ̀ ṣú lọ́jọ́ náà, tí kò sì ṣí ìwé mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Fáṣítì
Mo kí ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún 19 ni mí, kò tíì pẹ́ tí mo kúrò níbi tí ọmọ yín wà yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ sọ ohun tí àwa ọmọ kì í lè sọ lójú òbí. Bí mo bá mú ìwé èsì wálé, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?” Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ìwé èsì pamọ́, ohun tí kò yé mi náà sì ni mo ń fi pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó tì í láìpariwo, ẹ̀rù lè kọ́kọ́ bà á, ṣùgbọ́n yóò sọ̀rọ̀.

Ní ti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, ọ̀pọ̀ wa ń kà á bí ìwé ìtàn, a ń wo ìbéèrè, a sì ń wo ìdáhùn. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n gbé aago síwájú. Ìwé kejì ìṣirò WAEC jẹ́ wákàtí méjì àbọ̀: ìbéèrè 5 àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, máàkì 40 ni wọ́n jẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹ ó yan 5 nínú 8 fún máàkì 60. Àwọn 5 àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kì í le tó ti ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ń kánjú kọjá lára wọn. WAEC tún máa ń gbé ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń sọ àṣìṣe tí àwọn ọmọ ṣe nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó lo fóònù yẹn fún èyí.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé òun fúnra rẹ̀ ló yan sáyẹ́ǹsì?

ÌyáAláṣọ
Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. Ojú rẹ̀ dára, a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun ló yan sáyẹ́ǹsì, pé iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni òun fẹ́ kọ́.

Lálẹ́ àná, mo ní kó kó àwọn ìwé náà jáde. Ní SS1, iṣẹ́ wà títí di ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá. Ojú ìwé tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ 22 oṣù kìíní. Mo bi í pé níbo ni oṣù mẹ́ta lọ. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní olùkọ́ ìṣirò àwọn ló rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, pé sáà kejì ni wọ́n tó rí òmíràn, ẹni yẹn sì ń bá iṣẹ́ sáà kejì lọ ni. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó ní òun rò pé a máa ní òun ń ṣàwáwí. Tíṣà, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

TíṣàTóFẹ̀yìntì
Ẹ ti rí i. Sáà kìíní SS1 ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní indices (agbára nọ́ńbà, bíi 10²), standard form (ọ̀nà kúkúrú tí a fi ń kọ nọ́ńbà tó tóbi tàbí tó kéré gan-an) àti logarithm (wíwá agbára tí a gbé nọ́ńbà sí). Ẹ wò ó bí ó ṣe kan àwọn ẹ̀kọ́ yòókù: nọ́ńbà bíi 6.02 × 10²³ kún inú kẹ́mísírì, 3 × 10⁸ sì wà nínú físíìsì. Ọmọ tí wọn kò kọ́ bí a ṣe ń sọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ di púpọ̀ tàbí bí a ṣe ń pín in yóò gba òdo lórí ìbéèrè tí físíìsì inú rẹ̀ yé e. Ọ̀gbun kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń já sí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kó fi tún nọ́ńbà alámì ìyọkúrò àti ìṣirò ìdá ṣe láti inú ìwé JSS. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, indices àti standard form. Lẹ́yìn náà ni logarithm. Ogójì ìṣẹ́jú láàárọ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà, ìbéèrè márùn-ún péré lójúmọ́. Ẹ kọ àwọn àkòrí yìí sínú ìwé fún olùkọ́ lẹ́sìn rẹ̀, kí ó pa iṣẹ́ SS3 tì ná.

ÌyáAláṣọ
Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tì í láàárọ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ohun tó kọ tọ́?

TíṣàTóFẹ̀yìntì
Ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò náà, ìyá wa. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa mú ojú ìwé ìdáhùn lọ́wọ́. Bí tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, ẹ má sọ èyí tó tọ́ fún un; ẹ kàn ní kó tún un ṣàlàyé fún yín láti òkè.