Ibo lẹ ń kó fọ́tò kámẹ́rà yín sí láì náwó rẹpẹtẹ? Ẹ sọ ìrírí tiyín

Ayàwòrán Gáà-Àkàǹbí:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fọ́tò, ìgbéyàwó àti wólímọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń yà. Owó mẹ́mórì kámẹ́rà ti kúrò ní kèrémí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká jọ sọ ọ́.

Kámẹ́rà mi jẹ́ 24 megapixel. Fọ́tò RAW kan, ìyẹn fáìlì tó kó gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí láìtíì sọ ọ́ di JPEG, máa ń tó 25 sí 30 MB, nítorí náà mẹ́mórì 64 GB ò lè gbà ju ẹgbẹ̀rún méjì àti díẹ̀ lọ. Ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀ láti orí yìgì àárọ̀ dé àríyá ìrọ̀lẹ́ lè jẹ ẹ́ tán.

Hard disk laptop tòkunbọ̀ ni mò ń lò. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń yọ ọ́ lára laptop tó ti bàjẹ́, wọn kì í sì í tà á wọ́n. Màá wá ra kéèsì oníUSB tí wọ́n ń kì í bọ̀, ó parí. Ti laptop ni kẹ́ ẹ rà o, ìyẹn 2.5 inch, torí iná inú okùn USB tó o láti ṣiṣẹ́. Èyí tó tóbi, ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, iná tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń fẹ́, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá.

N kì í sanwó láìyẹ̀ ẹ́ wò. Màá gbé laptop mi dé ṣọ́ọ̀bù, màá so ó mọ́ ọn, màá dẹtí sí i. Bó bá ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, mo ti dá a padà. Bí kò bá dún, màá ṣí CrystalDiskInfo, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ìlera hard disk wò, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá kọ "Good", ó ṣeé rà. Bó bá kọ "Caution", tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróǹbó, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi ẹ̀dínwó tàn yín, ó ti ń kú lọ nìyẹn.

Ẹ wo ihò USB náà dáadáa. Èyí tó ní búlúù nínú ni USB 3.0 lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló yára ju 2.0 àtijọ́ lọ. Lórí 2.0, kíkó 64 GB lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí 3.0, bí mẹ́mórì náà bá yára, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ lóde ìnáwó mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gidi. Ìdílé kan ní agbègbè Ọjà-Ọba pè mí lẹ́yìn tí ìyá wọn jáde láyé, fídáù ọjọ́ kẹjọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn ò sì ní fọ́tò ìyá náà kan tó mọ́lẹ̀. Mo ti ya ìyá yẹn níbi ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Mo so hard disk mọ́ laptop níwájú wọn, mo ṣí fódà: ìyá ló jókòó yẹn, ìborùn funfun lórí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ àgbà ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọmọ Ìjàkadì, Ọ̀fà:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Fíláàṣì ayédèrú ni kí n sọ tèmi lé lórí. Ẹnì kan gbé èyí tí wọ́n kọ 2 TB sí lára wá fún mi, owó rẹ̀ ò tó ti 64 GB gidi. Mo ní kó jẹ́ kí n dán an wò ná. Mo fi H2testw, ètò tó ń dán àyè inú fíláàṣì wò, sí i, mo ní kó kọ 64 GB péré sí i, mo lọ kírun Àsàrí. Ìgbà tó kọ ọ́ tán tó sì kà á padà, nǹkan bí 30 GB ló dára, ìyókù ti ṣègbé.

Wọ́n ti ṣe nǹkan náà kó máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà ni. Bó bá kún, kò ní wí. Á máa gbà lọ, orúkọ fáìlì á hàn níbẹ̀, àmọ́ fọ́tò ò ní ṣí. Ká ní ọdún Ìjàkadì ni wọ́n kó sí i ńkọ́? Mo dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán:

Ẹ̀yin bùọ̀dá mi, èmi ò ní laptop o. Fóònù ni mo fi ń ṣe é: card reader tí wọ́n ń ki mẹ́mórì bọ̀, tó ní OTG, ìyẹn ẹnu tó ń wọ fóònù, àti fíláàṣì 128 GB gidi. Màá kó fọ́tò láti mẹ́mórì sí fóònù, láti fóònù sí fíláàṣì. Ó ń yọ́ bátìrì, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo ya fídíò àgbà kan tó ń ki oríkì Ìgbómìnà, fíláàṣì kọ̀ ọ́, ó ní kò sí àyè, bẹ́ẹ̀ àyè pọ̀ níbẹ̀. FAT32, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí fíláàṣì, ló wà lórí rẹ̀, kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB. Ọmọ àbúrò mi bá mi sọ ọ́ di exFAT, ọ̀nà tó gba fáìlì ńlá, ó sì gbà á. Ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò ná kẹ́ ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, torí gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́. Àwọn fóònù kan ò sì í ka exFAT, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò.

Ayàwòrán Gáà-Àkàǹbí:

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ẹ wá fíláàṣì kejì kún un, ẹ̀yin náà, àbúrò mi ará Ọ̀fà. Hard disk méjì ni mò ń kó iṣẹ́ kan náà sí, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, ìkejì wà nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Òró. Olè tàbí iná ò lè kó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. N kì í sì í pa ohun tó wà nínú mẹ́mórì rẹ́ títí màá fi ṣí fọ́tò bíi mélòó kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Hard disk tó ń yí lọ́wọ́ ò fẹ́ kí nǹkan gbá a, orí ilẹ̀ tàbí tábìlì tó dúró ire ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí itan nínú ọkọ̀.

SSD, irú dísíìkì míì tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ò ní ohun tó ń yí nínú, ó fara da ìṣubú jù ú lọ, owó rẹ̀ ló ń dí mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti rí tòkunbọ̀ rẹ̀ tó dára rà ní Ìlọrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.