Fáwẹ́lì wo ló kàn nínú ọ̀rọ̀ Ẹstóníà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Èdè Tọ́kì àti ti Ẹstóníà jọ ń to àfòmọ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ti Tọ́kì yé mi: ev (ilé) di evde (nínú ilé), okul (ilé ìwé) di okulda (ní ilé ìwé), àǹkóò fáwẹ́lì, ìyẹn bí fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀ ṣe ń bára mu, ló ń yan e tàbí a (àwa náà ní irú rẹ̀). Ẹstóníà ti pàdánù àǹkóò yìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń fi ìní hàn, jalg (ẹsẹ̀) di jala, selg (ẹ̀yìn) di selja, kurg (irú ẹyẹ kan) di kure: g pòórá, fáwẹ́lì àtijọ́ tó ti já tún yọ jáde. Kọ́ńsónáǹtì ìparí kò tọ́ mi sọ́nà, nítorí lg kan náà ló bí jala àti selja. Mo wo èdè Fínláǹdì tó ṣì ní fáwẹ́lì wọ̀nyẹn: jalka, selkä, kurki. Ṣé òfin kan wà tó ń sọ ìgbà tí j máa wọlé, àbí àkọ́sórí ni gbogbo rẹ̀?